Táblẹ́ẹ̀tì Àlejò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Àǹtí Morọ́láyọ̀ jẹ́, kó kọ́kọ́ wo rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ra tẹlifíṣọ̀n náà, náílọ́ọ̀nù tí rìmóòtù bá dé láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀ gbágbágbá. Nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ò tiẹ̀ hàn mọ́. Bí ọkọ rẹ̀, Akínfẹ́mi, bá fẹ́ yí i sí ìròyìn, á tẹ̀ ẹ́, á tún un tẹ̀, nígbà tó bá fi máa bọ́ sí i, ìròyìn á ti parí. Bó bá sì ní kí wọ́n já náílọ́ọ̀nù náà dànù, Àǹtí á bi í pé ṣé ó fẹ́ kí rìmóòtù bàjẹ́ ni.

Ti rìmóòtù ṣì kéré. Nínú ṣókéèsì tó wà ní pálọ̀ wọn, àwo tánganran méjìlá ló tò síbẹ̀, àwo olódòdó búlúù tí ìyá Àǹtí fi sílẹ̀ fún un. Ọdún tí wọ́n bí Àǹtí gan-an ni ìyá náà ra àwọn àwo yìí ní Òǹdó. Ó ní àwo àlejò ni. Àlejò wá, àlejò lọ, kò sí èyí tójú Màmá gbà pé ó tó wọn. Màmá kú ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn láìjẹun nínú ẹyọ kan. Kódà lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, tí àlejò kún inú ilé tó kún ìta, ńṣe ni wọ́n lọ yá àwo lọ́dọ̀ aládùúgbò, nítorí kò sẹ́ni tó láyà láti fọwọ́ kan ti Màmá. Àǹtí kó àwọn àwo náà wá sí Benin, ó sì ń nù wọ́n ní gbogbo Sátidé.

Ilé-ìwé nọ́sìrì kan tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn dá sílẹ̀ ní Ogida ni Àǹtí ti ń ṣe tíṣà. Òun ló ni kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ sì rèé lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọmọ àwọn Yorùbá tó wá ń ṣòwò ní Benin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àǹtí á bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n á fi Píjìn dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ á sì wọ̀ láàárín wọn. Kí a má purọ́ mọ́ ọn, obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ọmọ jókòó gẹlẹtẹ kó máa ké tẹ̀lé tíṣà bí ayékòótọ́. Bó bá fẹ́ kọ́ wọn ní òǹkà, á rán wọn lọ ṣa òkúta. Bó bá fẹ́ kọ́ wọn ní àwọ̀, á ní kí wọ́n bá òun wá ewé, ìdérí ìgò àti àkísà wá. Nígbà tí ilé-ìwé bá fi parí, kò sí ẹnikẹ́ni tí erùpẹ̀ pupa Ogida ò ní sí lára yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ni Dọ́kítà Adésọjí gbé táblẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ dé. Dọ́kítà yìí kì í ṣe oníṣègùn o, olùkọ́ ni ní yunifásítì, ohun tó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kéékèèké. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti pá pátápátá, orí náà á sì máa dán bó bá ti bọ́ sínú oòrùn. Ó fi wákàtí kan ó lé díẹ̀ jókòó ti Àǹtí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń tan fóònù fífẹ̀ náà hàn án, bí wọ́n ṣe ń fi í ya fọ́tò, bí ọmọ ṣe lè fi ìka yàwòrán sí i. Dídán tó ń dán ni Àǹtí ń wò. Díẹ̀ báyìí ló wọ̀ ọ́ létí.

"Tẹ́ẹ̀mù kan ni a ó fi dán an wò, mà," ni Dọ́kítà sọ kó tó lọ. "Bí a bá padà wá tí a bá àwọn ọmọ lórí rẹ̀, ó di tiyín, a ó sì wá mẹ́jọ sí i. Bí a ò bá bá wọn lórí rẹ̀, ilé-ìwé kan wà ní Aduwawa tó ti ń bẹ̀ wá fún un."

"Ẹ má ṣèyọnu, Dọ́kítà," ni Àǹtí dáhùn. "Ọwọ́ tó mọ ìtọ́jú ni wọ́n bọ́ sí."

Ó sì tọ́jú wọn lóòótọ́. Ó rán aṣọ àǹkárá kan fún ìkọ̀ọ̀kan wọn. Kò já náílọ́ọ̀nù tó wà lójú wọn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló tì wọ́n mọ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ọrùn rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, á kó wọn sínú báàgì, á gbé báàgì lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, á máa bẹ ẹni tó ń wà á pé kó rọra wọ kòtò. Ní Sátidé, á tan jẹnẹrétọ̀ nítorí wọn, á gba iná sí gbogbo wọn títí wọ́n á fi kún. Lọ́jọ́ Ajé, á gbé wọn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìfihàn. Àǹtí á tò wọ́n sórí tábìlì láìtàn wọ́n, àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógún á sì jókòó yí wọn ká.

"Kí la fi ń wò ó?" ni Àǹtí á bi wọ́n.

"Eye!"

"Ọwọ́ ńkọ́?"

"Back!"

Gbogbo ọwọ́ á di ẹ̀yìn. Dígí dúdú lásán ni wọ́n ń wò, ojú ara wọn ni wọ́n sì ń rí níbẹ̀. Olúwadámisí, ọmọ ọdún márùn-ún tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, máa ń gbìyànjú láti yọ ìka kan síwájú, Àǹtí á sì ké mọ́ ọn pé "Ọwọ́!" Ìka á tún padà. Olórí ilé-ìwé, Ìyáàfin Títíloyè tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màdáàmù, fọwọ́ sí ètò náà gan-an. Bí òbí kan bá wá forúkọ ọmọ sílẹ̀, òun náà á ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó táblẹ́ẹ̀tì jáde kí àlejò rí i.

Báyìí ni tẹ́ẹ̀mù fi ń lọ sópin.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn tẹ́ẹ̀mù, Dọ́kítà dé ní aago mẹ́sàn-án. Àǹtí ti fi ìpara pa àwọn ọmọ lójú, ó ti tò wọ́n, ó ti tò táblẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Ó ń retí kí Dọ́kítà wo àwọn nǹkan náà kó sì yà á lẹ́nu pé wọn ò ní àpá kankan lára, bí wọ́n ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni wọ́n rí.

Dọ́kítà lóṣòó ti Dámisí. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ máa ń fi eléyìí ṣe?"

"We dey look am," ni Dámisí sọ, ó sì fi àyà sọ ọ́.

"Bí ẹ bá wò ó tán ńkọ́?"

"Auntie go carry am go inside."

Dọ́kítà gbójú sókè díẹ̀, ó tún gbé e padà sọ́dọ̀ ọmọ. "Ìwọ ò tíì fọwọ́ kàn án rí?"

Dámisí túbọ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. "Na visitor get am."

Iṣẹ́olúwa, tó jókòó tì í, rí i pé ọ̀rọ̀ ò tíì yé àlejò tó, ó sì ṣàánú rẹ̀. "You be visitor," ló bá sọ fún Dọ́kítà. "You fit touch am."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dọ́kítà bọ́ àǹkárá lára ọ̀kan, ó tàn án, ó wo ibì kan nínú rẹ̀ tó ń ka iye àsìkò tí wọ́n fi lò ó. "Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mà," ló sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ìyẹn gan-an ni òwúrọ̀ tí èmi àti ẹ̀yin jọ jókòó." Ó dìde. Ó ní òun ń lọ sí ilé-ìwé kan ní Ekenwan Road, òun á padà ní aago méjìlá àbọ̀ láti wá kó àwọn táblẹ́ẹ̀tì náà, kí òun fi ọ̀sán gbé wọn dé Aduwawa. "Ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ẹ tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtọ́jú la torí ẹ̀ gbé wọn wá."

Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń jáde ní gééètì, Màdáàmù ń kùn. "Èèyàn tọ́jú nǹkan ẹni fún un, kò tún dúpẹ́." Àǹtí jókòó lórí ọ̀kan nínú àga kéékèèké àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ojú tì í, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún, kò tíì sí ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ rí nítorí àṣìṣe òun.

Ìgbà tó gbójú sókè ló rí àwọn ọmọ náà. Ọwọ́ gbogbo wọn ṣì wà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Dámisí ń wo dígí dúdú iwájú rẹ̀, ó rọra ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kí ó lè rí nǹkan kan lára rẹ̀, ó ṣáà ti jẹ́ pé ẹnu ò sí nínú òfin.

Ìyá rẹ̀ ló wá sí Àǹtí lọ́kàn. Kì í ṣe ojú ìyá náà ló rántí o, àwọn àwo tí wọ́n yá lọ́jọ́ ìsìnkú ni, àwo rọ́bà aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíràn sí nídìí. Ó ti bínú lọ́jọ́ náà, kò sì mọ ẹni tí òun ń bínú sí. Ó mọ̀ ọ́n báyìí. Ta ni òun náà wá ń tọ́jú ti àwọn ọmọ yìí dè?

Ó dìde. Ó bọ́ àǹkárá kúrò lára gbogbo wọn, ó kó o jù sórí fèrèsé. Ó di etí náílọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ mú, ó fà á, ó já ṣáá. Ó fa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

"Ẹ mú ọwọ́ yín wá síwájú," ló sọ.

Kò sí ọmọ tó mira. Ẹ̀tàn ni wọ́n pè é. Àfìgbà tí Àǹtí fúnra rẹ̀ fa ọwọ́ ọ̀tún Dámisí yọ láti ẹ̀yìn, tó fi ìka rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì etí dígí, tí iná sì tàn yòò.

"Èmi ò mọ̀ ọ́n lò o," ni Àǹtí jẹ́wọ́ fún wọn. "Ta ló mọ̀ ọ́n lò nínú yín?"

Ọwọ́ mẹ́rìndínlógún ló lọ sókè. Èwo ni wọn ò tíì fi tẹ fóònù ìyá wọn nílé? Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé tí Dámisí fi rí ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò, ó ya imú Iṣẹ́olúwa, ó sì fi imú náà han oní-nǹkan. Ẹ̀rín sọ. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún ti ta jí lára rẹ̀. Ó ti ń rán wọn lọ wá nǹkan wá láti ọjọ́ yìí wá, òkúta àti ewé nìkan ni ọwọ́ wọn lè gbé. Ohun tí ọwọ́ ò lè gbé ńkọ́?

"Ó yá, méjì méjì sí ọ̀kan, ká bọ́ síta. Gbogbo ohun tó bá rí roboto nínú ọgbà yìí, ẹ bá mi yà á wá."

Inú ọgbà ilé-ìwé dàrú. Àwọn kan ya táyà ọkọ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún eré. Àwọn kan ya ìdérí kànga. Wọ́n ya ìkòkò tó wà lórí iná nílé ìdáná, wọ́n ya ìdérí rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì fẹ́ ya ẹnu ìyá tó ń sè é bó ṣe là á láti lé wọn. Wọ́n ní kí Bàbá Ọláwálé tó ń ṣọ́ gééètì la ojú dáadáa kí wọ́n ya ẹyinjú rẹ̀, bàbá náà sì là á, ó dúró ṣinṣin. Ìfẹ́olúwa, tí Àǹtí ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa láti oṣù Kìn-ín-ní, wá fà á láṣọ, ó fi fọ́tò bọ́tìnnì yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ hàn án, ó ní, "Small round." Àǹtí ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ẹyin adìẹ ló wá dá ìjà sílẹ̀. Ọláolúwa ya ẹyin kan nílé ìdáná, àwọn yòókù ní kò gbà.

"E no round well," ni Iṣẹ́olúwa ń pariwo. "E long for head."

"If I look am from front, e round," ni Ọláolúwa dáhùn, ó sì tún lọ ya ẹyin náà láti iwájú kó lè fi ẹ̀rí hàn.

Àǹtí gbé fọ́tò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, gbogbo wọn kó orí jọ lé e. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ẹni tí òun ì bá dá láre. Kò tíì ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó gbàgbé aago.

Aago méjìlá àbọ̀ ni Dọ́kítà Adésọjí wọ gééètì. Oòrùn ti dé àárín orí, orí rẹ̀ sì ń kọ mànà. Dámisí, tó dúró lórí kọnkéré pẹ̀lú táblẹ́ẹ̀tì, ló kọ́kọ́ rí i.

"Auntie, see round!"

Ó gbé e sókè, ó yà á. Iṣẹ́olúwa fẹ́ wò ó, ó fà á, Dámisí náà fà á, táblẹ́ẹ̀tì já bọ́ láàárín wọn, ó dojú dé lórí kọnkéré. Gbogbo ọgbà ló gbọ́ bó ṣe dún.

Láìsí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é, gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ti ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tí táblẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà tì í mọ́ ẹ̀yìn tòun ti táblẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí Àǹtí ti ń bẹ̀rù láti oṣù mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ yìí, níwájú ẹni tí kò yẹ kó ṣojú rẹ̀. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ Dámisí ló kọ́kọ́ wò. "Ṣé kò já lù ẹ́ lẹ́sẹ̀?" Ọmọ náà mi orí. Ìgbà yẹn ni Àǹtí tó mú táblẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, ó sì yíjú sí àlejò. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e, Dọ́kítà. Bí ẹ bá máa bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí. Ẹ má bá ọmọ wí."

Dọ́kítà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Dígí ti sán láti igun kan dé ìkejì, ṣùgbọ́n iná ṣì wà nínú rẹ̀, fọ́tò orí Dọ́kítà sì wà níbẹ̀ gbàǹgbà, ó ń dán, ojú ibi tó sán gba àárín rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí wọ́n bá là á sí méjì. Ó wò ó pẹ́.

"Kí ni mo ṣe tí o fi ya orí mi?" ló bi Dámisí.

"Auntie say make we find wetin round," ni Dámisí wí, ó ń wo ilẹ̀. "Your own round pass everything."

Màdáàmù fi gèlè bo ojú. Dọ́kítà jókòó sórí táyà tó wà lẹ́bàá ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi áńkáṣíìfù nu orí tó ń fa wàhálà náà. Àwọn ọmọ rí i pé kò sí ìyà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ni wọ́n bá ya bò ó. Wọ́n kó fọ́tò wọn dé. Wọ́n ro ẹjọ́ ẹyin fún un, apá méjèèjì ń rò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó béèrè pé kí wọ́n gbé ẹyin náà wá fúnra rẹ̀, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó ní òun á lọ rò ó dáadáa.

Lẹ́yìn náà ló dìde sọ́dọ̀ Àǹtí. "Ta ló kọ́ yín ní èyí tí ẹ ń ṣe yìí, mà?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é," ni Àǹtí sọ. "Òkúta ni mò ń lò tẹ́lẹ̀."

Dọ́kítà mi orí. "Mi ò lè purọ́ fún àwọn tó rán mi. Mẹ́jọ tí mo ṣèlérí ò ní í tíì wá. Ṣùgbọ́n mi ò kó ìwọ̀nyí lọ sí Aduwawa mọ́. Ẹ lò wọ́n di òpin tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀, màá padà wá." Ó gbé èyí tó fọ́ lé e lọ́wọ́. "Ẹ fi eléyìí pamọ́ fún mi títí ìpàdé wa. Bí wọ́n bá bi mí pé ṣé àwọn ọmọ ń lò ó, òun ni màá gbé jáde."

Bàbá Ọláwálé, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí gééètì, ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kò sẹ́ni tó bi í, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Akínfẹ́mi dé láti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta páàtì ọkọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sídìí tábìlì. Àǹtí gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú dòdò àti ọbẹ̀ ata. Akínfẹ́mi ti na ọwọ́ sí ṣíbí kó tó rí òdòdó búlúù létí àwo, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sójú kan. Ó wo ṣókéèsì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àyè méjì sì ṣófo láàárín àwọn àwo yòókù.

"Morọ́láyọ̀, ta ló ń bọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ń bọ̀." Àǹtí fa àga tirẹ̀, ó jókòó, ó bu ìrẹsì sínú àwo kejì. "Àwa náà ni àlejò, Bàbá Jùmọ̀kẹ́. Ẹ jẹun."

Akínfẹ́mi wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó tún wo àwo Màmá. Ó rọra ti àga sẹ́yìn, ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó padà jáde, ó ti wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó ti de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ó jókòó, ó fa àwo náà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.